Ibi Tí Bàbá Ti Sọ Pé "Ó Yá"

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí ni ìdákẹ́jẹ́. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi. Oúnjẹ tí kò ní ata, mo ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè jí ní òwúrọ̀, kó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kó má sì gbọ́ ohunkóhun. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo fi ọwọ́ gbá etí mi kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi, ariwo ló máa ń jí wa. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni àgọ́ àwọn ahunṣọ wà. Kí àwọn àgbà tó ti ìrun Àsùbáà dé tán, òfì kan á ti bẹ̀rẹ̀, òmíràn á gbè é, kó tó pẹ́ gbogbo wọn á máa ró bí òjò ńlá lórí páànù. Bàbá mi wà lára wọn kó tó kú. Òfì tó wà lábẹ́ igi dóńgóyárò ni tirẹ̀. Inú ariwo yẹn ni mo ti kàwé tí mo fi parí ilé-ìwé girama. Inú rẹ̀ náà ni mo fi Rùká sí nígbà tí mò ń bọ̀.

Rùká ni ọmọ mi kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀ kú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ọwọ́ ìyá mi ni mo fà á lé. Mo sọ fún ìyá mi pé kó máa gbọn bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ nítorí àkekèé, pé kó má jẹ́ kó sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì, pé kó máa se omi rẹ̀ kó hó dáadáa, kì í ṣe kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo tún un sọ ní ẹnu ọ̀nà. Mo tún un sọ nígbà tí mọ́tò ti fẹ́ gbéra.

Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyá Rùká, ìwọ tí mo tọ́ yìí, ṣé inú igbó ni mo ti tọ́ ẹ ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò yé wo bàtà Rùká.

*

Ilé ìfọṣọ ni mo ti rí iṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kó wá, ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á gbẹ ẹ́, àwa á ká a. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi àti obìnrin ará Pólándì kan jọ di aṣọ mú létí méjèèjì, mo wá ojú rírán rẹ̀ títí. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ tó bá ti orí òfì bọ́, kì í fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí èèyàn bá fẹ́ kó fẹ̀, á rán an pọ̀, ojú rírán náà á sì hàn. Èyí fẹ̀ tó yàrá mi, kò sì sí ibi tí wọ́n ti rán an. Obìnrin náà béèrè ohun tí mò ń wá. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Obìnrin kan ń gbé ní yàrá tó wà nísàlẹ̀ tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè bó ṣe sùn. Ó wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Láti ọjọ́ náà, igi ìgbálẹ̀ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá fa àga, á gbá àjà rẹ̀, kó! kó! Bí mo bá sín, kó!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀, mo sì ń dúró de ọjọ́ Sunday.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ilé, lẹ́yìn ìrun Àyílà, nígbà tí Rùká bá ti ti ilé-kéú dé. Fídíò la máa ń ṣe kí n lè rí i. Màá ní kó dìde, kó yí padà, kó la ẹnu. Màá ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè kí n rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ rà mí ni?" Ó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Bí wọ́n ṣe ń wo àgbò iléyá lẹ ṣe ń wò mí yìí."

Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀.

*

Ohun kan wà tí mo gbé wá láti ilé, tí mo wé mọ́ àárín aṣọ. Àwo orin ni, irú àwọn àwo dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kọ nígbà kan. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa tó máa ń kọ orin wéré láti fi jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú Ààwẹ̀ ni wọ́n gba ohùn wọn sínú rẹ̀. Ìgbà tí mo wà ní kékeré ni. Ẹnì kan kó wọn lọ sí Ìbàdàn, wọ́n kọrin fún un, wọ́n sì padà sí ìdí òfì wọn. Àwo náà kò lókìkí rárá. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún ní i yàtọ̀ sí wa.

Elégbè ni bàbá mi nínú ẹgbẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ wà láàárín ohùn àwọn yòókù, èèyàn ò lè yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ti dá sọ̀rọ̀. Nígbà tí orin àkọ́kọ́ parí, tí èkejì ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan wúkọ́, ẹnì kan fa bẹ́ǹṣì, bàbá mi sì sọ pé, "Ó yá." Ó tán. Kò pariwo rárá. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa nílé náà ni, bí oúnjẹ bá délẹ̀, tàbí bí ó bá fẹ́ ká dìde lọ kírun. Lẹ́yìn èyí, ìlù wọlé.

Rùká kò bá bàbá mi láyé. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, nítorí ìtàn tí ìyá mi ń sọ fún un.

Nígbà tí mo rí giramafóònù kan ní ilé ìtajà ohun àlòkù nítòsí ibi iṣẹ́ mi, mo gbé e lé èjìká wá sílé. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gbé fóònù síwájú sípíkà, mo gbé àwo náà sí i. Mo ní, "Rùká, bí o bá gbọ́ ohùn bàbá àgbà, na ọwọ́ sókè."

Ariwo pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà bíi ti àgbàdo tí wọ́n ń dín. Síbẹ̀, bí Bàbá ṣe sọ pé "Ó yá," ọwọ́ ọmọ mi fò sókè, ìka márààrún ló nà. "Mo gbọ́ ọ! Mọ́mì, mo gbọ́ ọ! Ohùn rẹ̀ jọ ti Bùọ̀dá Kàmọ́rù!" Àbúrò mi ni Kàmọ́rù. Òótọ́ ni, ohùn wọn jọra.

Ó di eré wa. Gbogbo Sunday ni. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ mi, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn nìkan ni èmi àti ọmọ mi wà nínú ilé kan náà.

*

Lásìkò tí ọyẹ́ lọ tán, tí ooru wá mú ní ilé bí iná, ìpè kò wọlé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́ pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́, pé kí n má mikàn. Nígbà tí mo padà rí Rùká, ó ti rù. Ìyá mi ní ibà ni, pé ó ti lọ. Mo béèrè irú ibà. Ó ní ibà, ibà náà ni. Mo béèrè oògùn tó lò. Ó dárúkọ rẹ̀. Mo béèrè bóyá ó lò ó tán. Ó ní, "Ìyá Rùká, jẹ́ ká sinmi."

Mo gbé àwo sí i. Bàbá sọ pé "Ó yá." Rùká ń wò mí. Kò na ọwọ́.

"Rùká, o ò gbọ́ ọ?"

Ó wo ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ní, "Kò já gaara, Mọ́mì."

Mo yọ abẹ́rẹ́ giramafóònù náà, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ti jẹ tán lẹ́nu lóòótọ́. Inú mi dùn. Ohun tó ní ìdí tí mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí, èmi lè tún un ṣe.

Alájì Múfú ni mo lọ bá. Ọmọ Ṣakí ni, ó ti ń wa takisí ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi. Mọ́sálásí la ti pàdé. Yàrá kan nílé rẹ̀ kún fún àwo orin dé àjà. Ó wá síbi tí mò ń gbé, ó dúró lé giramafóònù mi lórí, ó ń mi orí.

"Ìsẹ́yìn, ta ló tà á fún ẹ? Ṣé ẹ̀rọ ìlọta kọ́ nìyí?"

"Giramafóònù ni, Alájì."

"Ẹ̀yin aláṣọ òkè! Ohun tó bá ti ń yí, ẹ̀yin á rà á."

"Ẹ̀yin Ṣakí náà ńkọ́? Ẹ ti kó gbogbo àwo ayé sínú yàrá, ẹ ò rí àyè jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló fi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ hàn mí. Ẹ̀rọ náà tún ń kùn lábẹ́ orin bí ẹ̀fọn. Ó ní wáyà kan ló já. A so wáyà tuntun láti ìdí ẹ̀rọ mọ́ irin ẹ̀yìn áńpù tó ń gbé ohùn sókè, kíkùn náà sì dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ní Sunday, Rùká kò na ọwọ́.

*

Mo fi ọṣẹ tí kò le fọ àwo náà, mo sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ún yípo, mi ò nu ún níbùú. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Rùká ní, "Ó ti dáa díẹ̀, Mọ́mì," ṣùgbọ́n kò na ọwọ́.

Mo pààrọ̀ rọ́bà tó ń yí i. Ti tẹ́lẹ̀ ti nà, ó ti ń fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé mo mọ̀. Nígbà tí tuntun wọlé, ohùn bàbá mi yá díẹ̀ sí i, ó sì kéré lọ́jọ́ orí. Mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ, ohùn arúgbó ni mo ti ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì tó ọjọ́ orí mi ló ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí Rùká gbọ́ ìyàtọ̀ náà ju ohunkóhun lọ. Kò gbọ́ ọ.

Pákó ilẹ̀ yàrá mi máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá. Mo rí òkúta pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà, wọ́n ti jù ú nù. Mo gbé e gun àtẹ̀gùn, mo gbé ẹ̀rọ náà lé e lórí, mo sì fi irinṣẹ́ bíríkìlà wò ó kó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Ìgbálẹ̀ ìsàlẹ̀ gbá àjà títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwúwo. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ ní irin roboto kan lẹ́yìn. Bí èèyàn bá yí irin náà, abẹ́rẹ́ á wúwo tàbí kó fúyẹ́ lórí àwo. Bó bá fúyẹ́ jù, á máa fò. Bó bá wúwo jù, á máa jẹ àwo. Alájì yá mi ní òṣùwọ̀n kékeré kan. Mo mọ irú iṣẹ́ yẹn. Níwájú òfì bàbá mi, òwú nà jáde gbọọrọ lórí ilẹ̀, òkúta ni wọ́n sì gbé lé e ní ìparí kó lè le. Bàbá á fi ìka ta òwú náà, á tẹ́tí, á ní ká gbé òkúta kan kúrò, tàbí ká fi kan kún un. Mo ń yí irin náà, mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń tẹ́tí. Mo ṣe é títí ó fi rí bí mo ṣe fẹ́ gan-an.

Alájì ní, "Ìsẹ́yìn, ẹ̀rọ yìí ti dára ju tèmi lọ. Kí lo tún ń wá?"

"Kò já gaara, Alájì."

"Ó já gaara! Àbí etí rẹ ló di?"

Mo ní kì í ṣe etí tèmi, ọmọ mi ni kò gbọ́ ọ. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé afẹ́fẹ́ yàrá ló ń da ohùn rú kó tó dé inú fóònù. Ó ní kí n ra wáyà tí màá fi so áńpù mọ́ fóònù tààrà. Bí mo bá ti so ó, ó ní, kí n pa sípíkà, kí ohùn má baà máa lọ yíká. Èmi ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá, ṣùgbọ́n àwo nìkan ni Rùká á máa gbọ́, láìsí ìdíwọ́.

Mo ra wáyà náà. Mo pa sípíkà. Ìgbálẹ̀ ìsàlẹ̀ sinmi. Mo jókòó níwájú fóònù, mò ń wo ojú ọmọ mi. Nítorí pé mi ò gbọ́ orin náà, mò ń kọ ọ́ nínú mi, mo ti mọ̀ ọ́n sórí látòkè délẹ̀. Mo kọ orin àkọ́kọ́ tán. Mo wúkọ́ nínú mi, mo fa bẹ́ǹṣì nínú mi. Mo ní, ó yá.

Ọwọ́ Rùká fò sókè.

Mo kígbe. Mo bú sẹ́kún. Mo pe Alájì, mo ní, "Ó gbọ́ ọ! Wáyà náà ni!" Òun náà ń pariwo lórí fóònù pé, "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ọmọ Ṣakí ni mí!" Ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, obìnrin ará Pólándì béèrè ìdí tí mo fi ń kọrin.

Sunday tó tẹ̀ lé e, ó tún gbọ́ ọ. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ó gbọ́ ọ. Mo máa ń sọ fún ara mi lọ́nà ibi iṣẹ́ pé èèyàn lè jìnnà kó sì ṣe iṣẹ́ òbí, bó bá fara balẹ̀, bí kò bá fi ohunkóhun sílẹ̀ láìtún un ṣe.

*

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ti iṣẹ́ dé pẹ̀lú kánjúkánjú, torí wọ́n ti fi wákàtí kún tiwa. Mo gbé àwo sí i, mo tan ẹ̀rọ, mo so wáyà, mo pa sípíkà, mo jókòó níwájú fóònù. Rùká wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé. Mo ń wò ó, ó ń wò mí. Mo kọ orin náà nínú mi títí mo fi dé ibẹ̀.

Rùká na ọwọ́. "Mo gbọ́ ọ, Mọ́mì! Ó já gaara!"

Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde, mo lọ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo.

Abẹ́rẹ́ kò sí lórí àwo. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi ń gbé apá sókè, tí wọ́n sì fi ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ti gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró lókè, àwo ń yí lábẹ́ rẹ̀. Kò fara kàn án rárá.

Mo dúró níbẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí fóònù. Mo yọ wáyà kí ohùn mi lè wọlé. Láìyí padà, mo ní, "Rùká, kí lo jẹ lónìí?"

Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Mo tún ní, "Rùká, pe ìyá àgbà fún mi."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ó dùn gan-an."

Mo wá yí padà. Ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú mi nínú fóònù, ó ń wá ohun tó yẹ kó sọ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó ti ń wò ní gbogbo ọjọ́ Sunday wọ̀nyẹn. Bí mo bá ti fẹ́ kọ orin náà dé ibi Bàbá, mo máa ń gbé ìpéǹpéjú sókè, mo máa ń súnmọ́ fóònù. Ojú mi ni ọmọ mi ń kà.

Ìyá mi gba fóònù. Kò kí mi.

"Yírùnyírùn ni," ó ní. "Lásìkò ooru yẹn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwọn ọmọ méjì kú ní àdúgbò wa."

"Ẹ ní ibà ni."

"Ibà náà ni. Ó kàn mú etí lọ."

"Màámi, ẹ ò sọ fún mi."

"Gbogbo ilé ló ní ká má sọ. A ní kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí a má sọ, pé wàá sunkún."

"Ó yẹ kí ẹ sọ fún mi!"

"Ká sọ fún ẹ, kí lo fẹ́ ṣe?" Kò bú mi, ó ń béèrè ni. "Ìyá Rùká, sọ fún mi. Ṣé wàá fò wá ni?"

Mo mọ àṣà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Líbíà. Oṣù mẹ́ta la fi ń sọ fún un pé Bàbá wà lóko ní Ìgbòho, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lóko. Ẹni tó bá wà lókèèrè, a kì í gbé ẹrù lé e lórí, torí kò rí ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìhà kejì fóònù nìyẹn, pé bó ṣe máa ń rí fún ẹni tí wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ nìyẹn.

*

Kàmọ́rù gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà etí ní ti òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún ṣì kù díẹ̀ ṣùgbọ́n kò dá a lójú pé yóò dúró. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, àwọn ìbá wo ohun tí àwọn lè ṣe. Mo ní kí Kàmọ́rù tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bí dókítà ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò níbẹ̀. Ó tún un sọ.

Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ilẹ̀kùn á tì mọ́ mi. Mo pe wọ́n, ohùn kan ní kí n dúró, orin ń lọ. Mo dúró. Orin náà já gaara.

Wọ́n fún Rùká ní ẹ̀rọ kékeré tó ń lọ sínú etí. Ó fi í sí, ó dijú, ó yọ ọ́. Ó ní ó ń kùn. Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́: ó ń kùn, Mọ́mì, bí ẹ̀fọn. Mo mọ oògùn kíkùn. Wáyà kan ni, láti ìdí ẹ̀rọ sí irin ẹ̀yìn áńpù. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ mú fóònù, mi ò mọ ibi tí màá so wáyà kankan mọ́.

Alájì Múfú wá kí mi. Ó jókòó, kóòtù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí giramafóònù náà. Ó ní, "Jẹ́ kí n bá ẹ wo irin ẹ̀yìn yìí. Ó jọ pé ó ti yí díẹ̀."

Kò yí. Mo jẹ́ kó wò ó.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi níhìn-ín pé ibo ni mo ka sí ilé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, wọ́n kàn fi ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Tẹ́lẹ̀, màá ní Ìsẹ́yìn, kó tó tán lẹ́nu wọn. Ní báyìí, mo máa ń ronú lórí rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti lè fi àìsàn ọmọ rẹ pa mọ́ fún ẹ, o ti di àlejò níbẹ̀, wọ́n ti ń fún ẹ ní ìjókòó tó rọ̀. Ibí yìí náà, àlejò ni mí. Yàrá mi nìkan ló kù, òkúta ojú ọ̀nà wà nínú rẹ̀, giramafóònù wà lórí òkúta, ó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì.

*

Rùká ló ní kí a má fi eré wa sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sára páálí, ó gbé e síwájú fóònù: MO FẸ́ RÍ I. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ rí. Ìyá mi ló ṣàlàyé: àwo náà ni. Ó fẹ́ kí n yí fóònù sí àwo, kó lè máa wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń rìn.

Mo fi hàn án. Láàárín orin àkọ́kọ́ àti èkejì, ìlà kan wà lórí àwo tó fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tó ń dán. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà wà, mo ní, mo la ẹnu dáadáa kó lè rí ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ á ti etí àwo wọlé, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá bọ́ sórí ìlà tó ń dán yẹn, ìgbà yẹn ni.

Ní Sunday tó kọjá, mo yọ wáyà, mo tan sípíkà. Rùká ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò, kò mọ̀ pé òun ń pariwo.

"Ẹ yí i sókè, Mọ́mì! Bóyá màá gbọ́ díẹ̀!"

Mo yí i sókè.

"Ẹ tún yí i!"

Mo yí bọ́tìnnì náà títí kò fi lọ mọ́. Ògiri ń gbọ̀n. Ohùn àwọn ọkùnrin àdúgbò wa kún gbogbo ilé náà, ó mọ́, kò kùn, kò já, bí ẹni pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n dúró sí. Mi ò tíì gbọ́ ọ kó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nísàlẹ̀, ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbá àjà, kó! kó! kó! Mi ò yí i wálẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ parí. Abẹ́rẹ́ bọ́ sórí ìlà tó ń dán. Ẹnì kan wúkọ́, ẹnì kan fa bẹ́ǹṣì, bàbá mi sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlù wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé máa ń fa ẹsẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Orin kejì ti lọ díẹ̀ kí ọwọ́ Rùká tó sókè, ìka márààrún, ó sì pariwo láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ pé, "Ó yá!"

Mo yí fóònù padà sí ojú mi. Ó wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé mo bá a?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mì í gidigidi, kó lè rí i.